Ìkòkò Tí Òòfà Gbà

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo ti ilé ẹ̀kọ́ dé, òórùn gáàsì sì pàdé mi láti ojúde. Ìyá ọkọ mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, ara wọn sì balẹ̀. Mo ju báàgì mi sílẹ̀, mo sáré wọ ilé ìdáná, mo yí gáàsì pa, mo ṣí gbogbo fèrèsé. Mo jáde padà sọ́dọ̀ wọn.

"Màmá, gáàsì ti ń jò láti àárọ̀! Ṣé ẹ ò gbọ́ òórùn ni?"

Wọ́n gbé orí sókè, wọ́n fa imú díẹ̀. "Èyí? Mo gbọ́ ọ. Mo rò pé àwọn ará ẹ̀yìnkùlé ló ń se nǹkan tí wọn ò mọ̀ ọ́n sè ni."

Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn láàárín oṣù kan. Ìyá ti lé lọ́gọ́rin ọdún, àwọn náà ló sì ń dáná fún gbogbo wa. Mo lè máa kọ́ ọmọ ogójì ní kíláàsì, ṣùgbọ́n nínú ilé yẹn, ẹni tó ń bá wọn gé àlùbọ́sà ni mo jẹ́.

Aránṣọ ni ọkọ mi. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí abẹ́rẹ́ ìdáṣọdúró sábà máa ń wà láàárín ètè rẹ̀. Kíláàsì kan náà la jọ jókòó sí ní kékeré, nítorí náà n kì í fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ àfi tí inú bá ń bí mi. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ gáàsì, ó tu abẹ́rẹ́ jáde, ó ní láti ọjọ́ yẹn lọ Ìyá ò gbọdọ̀ wọ ilé ìdáná mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá di ẹrù wọn sínú báàgì, wọ́n gbé e sí ojúde, wọ́n jókòó lé e, wọ́n ní àwọn ń dúró de mọ́tò Kuta. Kuta ni wọ́n ti bí wọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mọ́tò Kuta kì í gba àdúgbò wa kọjá, Ìyá sì mọ̀, nítorí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí wọ́n ti ń gbé Ìwó. Tó bá di ọ̀sán, wọ́n á wọlé wá kírun, wọ́n á jẹun, wọ́n á tún padà lọ jókòó lé báàgì. Tí oòrùn bá wọ̀, wọ́n á ní mọ́tò ò wá lónìí, wọ́n á gbé ẹrù wọlé. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n ṣe èyí. Àwọn tó ń kọjá ń kí wọn pé, "Ẹ kú ìrìnàjò o, Màmá." Wọ́n sì ń dá wọn lóhùn tọ̀yàyàtọ̀yàyà.

Èmi ni mo ń dáná ní ọjọ́ mẹ́ta náà. Wọ́n tọ́ ọbẹ̀ mi wò, wọ́n rò ó díẹ̀, wọ́n ní, "Ó dára. Ẹni tí ara rẹ̀ ò yá á lè jẹ ẹ́."

Ní ọjọ́ kẹta, mo sọ fún ọkọ mi pé tí ẹ bá gba ilé ìdáná lọ́wọ́ ìyá yín, kí lẹ fẹ́ kí wọ́n máa jí fún láàárọ̀? Ó gbọ́ "ẹ" lẹ́nu mi, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti le. Ọmọ wa obìnrin tó wà ní Ìbàdàn ló gbà wá nímọ̀ràn lórí fóònù pé ká ra sítóòfù oníná mànàmáná tó lójú dígí, èyí tí kò ní gáàsì, tí kò ní kẹrosíìnì. Iná sì ti ń dúró dáadáa ní àdúgbò wa látìgbà tí wọ́n ti pààrọ̀ tiransifọ́mà. Ọkọ mi ní kò burú. Ó ní ká lọ wò ó.

Ọkùnrin tó ń ta ẹ̀rọ náà wọ táì nínú ooru, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò. Ó gbé méjì kalẹ̀ níwájú wa. N ò rí ìyàtọ̀ kankan. Àwọn méjèèjì pẹlẹbẹ, àwọn méjèèjì dúdú, wọ́n ń dán bíi dígí mọ́tò ọlọ́lá.

"Èyí ni sẹ̀rámíìkì," ó ní. "Wáyà tó wà lábẹ́ dígí á pọ́n bí ẹyin iná, dígí á gbóná, dígí á sì gbé ooru fún ìkòkò. Ìkòkò tí ìdí rẹ̀ bá ti tẹ́, ó ti gbà á. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá pa á, ẹ má tíì fọwọ́ kàn án, torí dígí á ṣì gbóná fún ìgbà díẹ̀." Ó yí sí èkejì. "Èyí ni ìndọ́kṣọ̀n. Kò ní ẹyin iná kankan nínú. Agbára òòfà ló ń lò. Ìkòkò fúnra rẹ̀ ló ń gbóná, dígí ò fi bẹ́ẹ̀ gbóná. Tí ẹ bá gbé ìkòkò kúrò, á pa ara rẹ̀. Àmọ́ ìkòkò tí òòfà bá lè lẹ̀ mọ́ nìkan ló ń gbà."

Ọkọ mi nawọ́ sí sẹ̀rámíìkì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "Èyí là ń rà. Nǹkan tí n ò bá rí iná rẹ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́?"

Mo ní, "Ìyá tó ń gbàgbé gáàsì, ṣé wọn ò ní í gbàgbé pé dígí gbóná, kí wọ́n fọwọ́ lé e? Ìndọ́kṣọ̀n là ń rà."

Báyìí ni ìjà bẹ̀rẹ̀ láàárín èmi àti ọkọ mi. A ò ra ìkankan lọ́jọ́ yẹn.

Ìyá wà lórí báàgì wọn nígbà tí a délé. A ṣàlàyé fún wọn. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára débi pé wọ́n gbàgbé mọ́tò Kuta.

"Èwo ni iná wà nínú rẹ̀?" wọ́n bi mí.

"Àwọn méjèèjì ló ń lo iná, Màmá."

"Mo gbọ́. Èwo ni iná wà nínú rẹ̀?"

"Ọ̀kan ní iná nínú. Èkejì ń lo iná, ṣùgbọ́n kò ní iná."

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n wá yíjú sí ọmọ wọn. "Ṣé ìyàwó rẹ jẹun lónìí?"

Láti ọjọ́ yẹn, Ìyá sọ sẹ̀rámíìkì ní Olójúpupa, wọ́n sì sọ ìndọ́kṣọ̀n ní Olóòfà. Orúkọ kejì yìí ló kó bá mi.

Mo gba òòfà kékeré kan lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe lẹ́bàá ilé ẹ̀kọ́ wa. Inú sìpíkà àtijọ́ ló ti yọ ọ́. Mo fẹ́ mọ iye ìkòkò tó wúlò fún Olóòfà nínú ilé wa. Mo kó gbogbo ìkòkò Ìyá jáde sí àgbàlá, mo ń fi òòfà kàn wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Ó bọ́. Mo gbé òmíràn. Ó tún bọ́. Bí mo ṣe fẹ́ kan ìkòkò irin ńlá tí wọ́n gbé wálé ọkọ, Ìyá bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láti wò ó. Mo fi kàn án. Òòfà já bọ́ sílẹ̀ bí òkúta.

"Kì í ṣe irin, Màmá," mo ní.

"Kí ni kì í ṣe irin?"

"Ìkòkò yìí. Alumínìọ̀mù ni. A kàn ń pè é ní ìkòkò irin ni."

Ojú wọn yí padà. "Ìyá mi fi mọ́tò gbé ìkòkò irin yìí láti Kuta wá síbí. Gbogbo ayé pè é ní ìkòkò irin. Àwọn tó rọ ọ́ pè é ní ìkòkò irin. Ta ló wá sọ pé kì í ṣe irin?"

"Òòfà ni, Màmá."

"Òòfà tí kò tíì sun ọjọ́ méjì nílé yìí?" Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n rìn lọ sídìí ilẹ̀kùn, wọ́n fi kan àgbékọ́ rẹ̀. Ó lẹ̀ mọ́ ọn gbàgà. Wọ́n padà wá, wọ́n fi kan ìkòkò. Ó bọ́. Wọ́n dá òòfà padà fún mi. "Ó ń ṣe ojúsàájú," wọ́n ní, wọ́n gbé ìkòkò wọn, wọ́n wọlé.

Ní ọjọ́ ọjà, mo mú òòfà náà lọ sọ́dọ̀ àwọn oníkòkò. Mo ń fi í kan ìdí ìkòkò láti ìsọ̀ kan sí èkejì. Obìnrin kan bi mí pé kí ni mo mú dání yẹn. N kò ronú jinlẹ̀ kí n tó dáhùn. "Òòfà ni," mo ní.

Kí n tó délé, ọ̀rọ̀ ti dé ilé ṣáájú mi. Wọ́n ní tíṣà kan ń gbé òòfà kiri ọjà, ó ń fi í kan ọjà ọlọ́jà láti fa oníbàárà wọn lọ. Àwọn míì ní rárá, ti ọkọ ni, ó fẹ́ fi fa ọkọ rẹ̀ mọ́ra ni. Ní ìrọ̀lẹ́, àgbà obìnrin méjì láti ìdí ọjà wá rí Ìyá. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n sì wò mí tìfura tìfura. Mo dúró lẹ́yìn aṣọ ìkélé, mo ń gbọ́ wọn. Wọ́n fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ohun tí wọ́n gbọ́. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn alùfáà.

Ìyá jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Wọ́n wá nawọ́ sí ṣọ́ọ̀bù níwájú ilé, níbi tí ọkọ mi ti tẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, tí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ya ní èjìká, tí abẹ́rẹ́ kún ẹnu rẹ̀.

"Ọmọ mi nìyẹn," ni Ìyá wí. "Tí ìyàwó mi bá ní òòfà lóòótọ́, ṣé irú èyí ló máa fi fà?"

Àwọn obìnrin náà wo ọkọ mi. Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n dìde, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti parí.

Nígbà tí ó rẹ èmi àti ọkọ mi láti máa jà, mo bẹ ọkùnrin onítáì pé kó gbé ẹ̀rọ méjèèjì wá sílé, kí Ìyá fojú ara wọn rí wọn. Ọjọ́ Jímọ̀ ló wá, lẹ́yìn tí wọ́n kírun tán, tí ọkọ mi ń jẹ ẹ̀bà lọ́wọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Ìyá tọwọ́tẹsẹ̀, ó kó páálí méjì sílẹ̀ láti inú kẹ̀kẹ́, ó fi tíì àti mílíìkì lé e. Ó ní òun fẹ́ se tíì lórí àwọn méjèèjì ká lè rí èyí tó yá jù. Ó wá rántí pé ìkòkò tí òun fi ń ṣe àfihàn wà ní ṣọ́ọ̀bù òun.

Ìyá gbé ìkòkò irin wọn jáde. Lórí Olóòfà, ẹ̀rọ náà ké pí, pí, pí, ó sì dákẹ́. "Ó ń bú mi," ni Ìyá wí. Lórí Olójúpupa, wáyà pọ́n dáadáa, inú ọkọ mi dùn, ṣùgbọ́n ìdí ìkòkò náà rí roboto, ó ń mì lọ sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tó ń tòògbé. Ọkọ mi fi àkísà di etí rẹ̀ méjèèjì mú.

"Ó ti dúró," ó ní.

"Ṣé wàá máa dì í mú títí ọbẹ̀ á fi jinná?" Ìyá bi í. Ó fi ìkòkò sílẹ̀. Ìyá ní àkókò ìrun alásárì ti tó, wọ́n wọ yàrá. Ọkọ mi lọ wá wáyà gígùn kan ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, torí ihò iná kan ṣoṣo ló wà nítòsí. Èmi sáré lọ ilé kejì láti yá ìkòkò tí ìdí rẹ̀ tẹ́.

N ò pẹ́ rárá. Nígbà tí mo padà dé, ọkọ mi dúró sí àárín àgbàlá, wáyà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ọkùnrin onítáì jókòó lórí àpótí, ó ń po tíì nínú kọ́ọ̀bù. Lórí Olóòfà, abọ́ tánganran funfun kan tí etí rẹ̀ jẹ́ búlúù ń hó kùtùkùtù.

Póò ni. Póò bàbá ọkọ mi ni. Ní ọdún tí wọ́n lò kẹ́yìn láyé, nígbà tí àìsàn ò jẹ́ kí wọ́n lè rìn dé ẹ̀yìnkùlé, òun ni wọ́n ń lò lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn tí wọ́n kú, a pín gbogbo ẹrù wọn, ṣùgbọ́n Ìyá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan póò yẹn. Gbogbo àárọ̀ Jímọ̀ ni wọ́n ń fi ọṣẹ àti eérú fọ̀ ọ́, tí wọ́n ń sá a sí oòrùn lórí ògiri kànga. Ó ti di ọdún mẹ́fà. Orí ògiri náà ni ọkùnrin yìí ti rí i.

"Ẹ wò ó, mà!" ó ní, ayọ̀ kún ojú rẹ̀. "Gbogbo ìkòkò tó wà nílé yìí, èyí ni òòfà fẹ́ràn jù. Bó ṣe lẹ̀ mọ́ ọn báyìí! Irin gidi ló wà lábẹ́ tánganran rẹ̀, wọn kì í ṣe irú rẹ̀ mọ́. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tí omi fi hó."

Mo wo ọkọ mi. Ọkọ mi wò mí. Mo la ẹnu láti sọ fún un, ṣùgbọ́n ó ti gbé kọ́ọ̀bù sẹ́nu.

"Báwo ló ṣe rí?" ọkọ mi bi í, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín.

"Ó dùn, sà. Ẹ jẹ́ kí n bu tiyín."

"Mo ń gbààwẹ̀," ni ọkọ mi wí. Ẹ̀bà tó ń jẹ nígbà tí ọkùnrin náà dé ṣì wà lórí tábìlì.

Ibẹ̀ la wà tí Ìyá fi jáde, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n dúró. "Kí ni póò Bàbá ń wá níbí yìí?"

"Póò?" ni ọkùnrin náà wí. Ó gbé kọ́ọ̀bù kúrò lẹ́nu, ó wo inú rẹ̀, ó wo abọ́ tó ń hó, ó wá wo táì rẹ̀ bíi pé ibẹ̀ ni ìdáhùn wà. "Màmá, ṣé... ṣé wọ́n lò ó rí?"

"Ọdún kan gbáko," ni Ìyá dáhùn.

Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé wọ́n máa sunkún, tàbí kí wọ́n lé ọkùnrin náà jáde. Wọ́n sún mọ́ ẹ̀rọ, wọ́n rọra fi ìka kan dígí lẹ́gbẹ̀ẹ́ póò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wo bí ooru ṣe ń rú jáde. Mo rí i tí èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì, mo sì ti ń nawọ́ láti dì wọ́n mú kí n tó mọ̀ pé ẹ̀rín ni.

"Bàbá yín!" wọ́n ní. "Bàbá yín tó jẹ́ pé tí irun kan bá bọ́ sínú ọbẹ̀, wọ́n á dìde lórí oúnjẹ!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí omi ń bọ́ lójú wọn. Látìgbà tí a ti sin Bàbá, n kò gbọ́ kí Ìyá rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi náà kò gbọ́ ọ. Mo rí i bó ṣe yíjú sí ògiri, tó ń fi wáyà ọwọ́ rẹ̀ ṣeré.

Ìyá nu ojú, wọ́n nawọ́. "Bu tèmi wá. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń fọ abọ́ yìí. Kò sí abọ́ tó mọ́ tó o ní gbogbo Ìwó."

Wọ́n mu ún. Wọ́n ní mílíìkì rẹ̀ kéré. Wọ́n wá wo ọkùnrin onítáì, ó gbé kọ́ọ̀bù rẹ̀, ó mu ún tán láì mí. Wọ́n wò mí. Mo mu tèmi. N kò lè purọ́, ó gbádùn mọ́ mi lẹ́nu. Wọ́n wá wo ọmọ wọn.

"Ààwẹ̀ rẹ dà?"

"Mo ti ṣínu," ó ní, ó sì gba kọ́ọ̀bù.

"Olóòfà ni kí ẹ rà," ni Ìyá wí nígbà tí gbogbo wa mu ún tán. "Olójúpupa, ẹnikẹ́ni tó bá gun orí rẹ̀ ló ń gbà. Èyí mọ ẹni tó fẹ́ bá ṣe."

Tèmi ni pé dígí rẹ̀ ò ní í tètè jó ọwọ́ wọn, àti pé á pa ara rẹ̀ tí wọ́n bá gbé ìkòkò kúrò láì pa á. Ṣùgbọ́n n kò fi kún ọ̀rọ̀ wọn. A rà á. Ọkùnrin náà gbé Olójúpupa padà sínú kẹ̀kẹ́, ó sì bẹ̀ wá ní ẹnu ọ̀nà pé ká jọ̀ọ́, ká má sọ fún ẹnikẹ́ni ní àdúgbò ṣọ́ọ̀bù òun.

Ìyá fúnra wọn ló tẹ̀lé mi lọ sọ́jà láti ra ìkòkò tánganran. Wọ́n so òòfà mọ́ etí ìró wọn. Wọ́n ń kàn án mọ́ ìdí ìkòkò, wọ́n ń dúnàádúrà pẹ̀lú rẹ̀. "Wò ó, ó bọ́. Owó irin kọ́ nìyí." Ọ̀kan nínú àwọn àgbà obìnrin tó wá fẹjọ́ mi sùn yá òòfà náà lọ́wọ́ wọn, ó fi yẹ ọjà tirẹ̀ wò, inú rẹ̀ ò sì dùn sí ohun tó rí.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Ìyá fi Olóòfà se ẹ̀wà, wọ́n gbé àga síwájú rẹ̀, wọ́n ń ṣọ́ ọ. Léraléra ni wọ́n ń ṣí ìdérí ìkòkò. Wọn ò gbà pé oúnjẹ lè jinná nídìí ohun tí kò pọ́n, tí kò rú èéfín. Nígbà tí ẹ̀wà rọ̀, wọ́n tẹ ẹyọ kan fọ́ láàárín ìka méjì, wọ́n fi han ọkọ mi, wọ́n fi han èmi náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ti mọ gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀. Tó bá ké pí, wọ́n á ní, "Mo gbọ́." Tó bá ké lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ní, "Mo ní mo gbọ́, àbí etí rẹ di ni?"

Ẹni tí mi ò rò pé ó lè fọwọ́ kàn án ni ọkọ mi. Láti ọgbọ̀n ọdún tí a ti fẹ́ra, n kò rí i kó dáná rí. Ṣùgbọ́n nǹkan tó ní bọ́tìnnì àti nọ́ńbà, tó ń gbọ́ràn bí ẹ̀rọ ìránṣọ, òun ni kò lè fojú fò. Ní àárọ̀ Sátidé kan, mo múra láti lọ kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò, mo gbọ́ ohùn nílé ìdáná, mo yọjú. Ìyá jókòó lórí àga wọn. Ọkọ mi dúró ti Olóòfà, ó so téèpù ìwọnṣọ mọ́ ọrùn, ó ń din ẹyin.

"Dín in kù sí mẹ́rin," ni Ìyá wí.

"Ó wà ní mẹ́rin, Màmá."

"Mẹ́fà nìyẹn. Ṣé mi ò mọ mẹ́fà ni? Yí i, kó má baà jó. Kì í ṣe aṣọ, má fi ìka lọ̀ ọ́!"

Ó yí i. Ìdajì rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Wọ́n jọ wo ìdajì tó wà nílẹ̀ náà, ìyá tó lé lọ́gọ́rin ọdún àti ọmọ tí irun rẹ̀ ti ń funfun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bu tèmi sínú abọ́, wọ́n fún mi. Mo jẹ ẹ́ ní ìdúró, báàgì mi ní èjìká. Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sì ti jó. Ọkọ mi ń wo ẹnu mi.

"Ó dùn," mo ní fún un, mo sì jáde lọ wá ọ̀kadà.